Ìlà Tí Wọ́n Yà fún Sàdíátù

Ilé Olókè, lẹ́bàá ọ̀nà Awo,
Ẹdẹ.

Bùràímọ̀ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ọmọ ọwọ́ ńkọ́, yàrá tí ẹ háyà ńkọ́, ṣé àgbàrá òjò kò tíì bá yín dé orí ẹní? Ọlọ́run Ọba tó dá Èkó tó sì dá Ẹdẹ kò ní jẹ́ kí a gbúròó ara wa ní búburú. Ẹ̀rọ tí o ń dúró tì níbi iṣẹ́ kò ní gbé ọwọ́ rẹ mì, ọ̀gá rẹ kò sì ní ka orúkọ rẹ mọ́ ti àwọn tí wọ́n ń lé dànù. Àmín. Mo ti ṣe àdúà tán nìyẹn. Kíákíá ni mo ṣe é nítorí inú ń bí mi, bí inú bá sì ń bí ènìyàn, kò yẹ kó pẹ́ nínú àdúà, kí ẹnu má baà ṣèèṣì gba ibòmíràn yọ.

Kí n tó lọ jìnnà, Tíṣà Adéyẹmí ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Òun ló ń kọ́ Sàdíátù ọmọ rẹ ní kíláàsì kẹrin. Ohun tí mo fẹ́ sọ kan òun náà, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá bú u, kó kọ èébú náà sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má ṣe bu oyin sí i. Ó ní òun gbọ́. Orí àpótí tí ìyá rẹ fi ń dín àkàrà ló jókòó sí, nítorí kò sí àga mìíràn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ní ilé yìí.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, àyàfi àwọn ibi tó ti burú sí i. Páànù òkè yàrá ìyá rẹ ti ṣí lápá kan, bí òjò bá ti ń ṣú, a ó gbé abọ́ lọ síbẹ̀. Ewúrẹ́ tí o ní kí n máa bá ọ sìn bí ọmọ méjì, àwọn ọmọ náà kú, òun náà wá ń wò mí bíi pé èmi ni mo pa wọ́n. Gààrí ti di ohun tí à ń fi ojú kí lásán. Ní rédíò, wọ́n ní ètò tí wọ́n ń pè ní Sáàpù yìí máa tó dára, pé kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ ìbàdí. Èmi kò ní ìgbànú. Okùn ni mo fi ń so ṣòkòtò mi, mo sì ti fún un dé ibi tí okùn parí sí. Bí o bá mọ ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé rédíò níbẹ̀, bá mi sọ fún un pé okùn Ìyàndá ará Ẹdẹ ti tán, kí àwọn sọ́jà wá nǹkan mìíràn sọ.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé nìyí. Wọ́n fẹ́ kí Sàdíátù tún kíláàsì kẹrin kà. Rìpíìtì ni Tíṣà ní wọ́n ń pè é. Ọmọ náà sì ti sọ fún mi pé bí wọ́n bá dá òun dúró síbẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ òun máa lọ, òun kò ní tẹ ilé-ìwé mọ́ láéláé, òun yóò kúkú jókòó ti àkàrà. Kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ń fọ àwo lọ́wọ́ ni, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní òjò máa rọ̀. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Gbogbo ohun mìíràn tí mo máa sọ, ara ìyẹn ni.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ránṣẹ́ pe gbogbo òbí ọmọ sí ilé-ìwé. Mo wọ dàńṣíkí mi, mo lọ. Inú kíláàsì kẹrin ni wọ́n kó wa sí. Àga tó wà níbẹ̀ kò tó ìdajì àwọn ọmọ, àpótí ni wọ́n ń gbé láti ilé, àwọn tí kò ní àpótí ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Èmi náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ti kan káádíbọ́ọ̀dù kan mọ́ ògiri, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, wọ́n sì ya ìlà sí i lóòró, wọ́n ya ìlà sí i ní ìbú, títí tó fi dà bí àwọ̀n apẹja. Ìyá ọ̀gá ilé-ìwé mú pàṣán, ó dìde, ó kí wa. Ó ní àwọn ará ìjọba fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe láti táàmù dé táàmù, ẹni tó ń gòkè àti ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀, àti pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìlà pupa kan nípọn ní òkè pátápátá. Ó ní ti gbogbo ilé-ìwé nìyẹn. Ó fi pàṣán tẹ̀lé e. Láti apá òsì, ó ga dáadáa, ó ní ìgbà yẹn ni ìjọba ń fún wọn ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó ní ìgbà tí ìwé kò wá mọ́ nìyẹn. Ó tún wálẹ̀ sí i, ó ní ìgbà tí àwọn tíṣà lọ sílé nítorí wọn kò rí owó oṣù gbà. Ó ń wálẹ̀ báyìí títí tó fi dé apá ọ̀tún, bí ẹni tó ń ti orí òkè bọ̀ láìwo ẹ̀yìn. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìlà àwọn ọmọ wà, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Ìyá ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fi pàṣán kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Sàdíátù, mo rí i pé ìlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó rìn díẹ̀, ó sì já lulẹ̀. Ìyá ọ̀gá ní bí ìlà ọmọ kò bá dé ibi kan tí òun ti fi àmì sí, ọmọ náà yóò tún kíláàsì kà. Ti Sàdíátù kò dé ibẹ̀.

Bùràímọ̀, ìwọ náà mọ ohun tí ìlà ti fi ojú mi rí. Nígbà tí mo ní oko obì ní ọ̀nà Alájùẹ́, ṣebí ìwọ lo bá mi gbé omi lọ fún àwọn awọnlẹ̀ tí wọ́n wá pẹ̀lú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n fi ojú kan wo inú irin náà, wọ́n ya ìlà sórí ìwé, wọ́n fi hàn mí, wọ́n ní Bàbá, ìlà lásán ni, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan igi yín. Òjò ọdún kejì kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí katakata fi dé, ibi tí wọ́n ya ìlà náà sí gan-an ni ó gbà, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ìlà ló kọ́kọ́ dé, ilẹ̀ ló tẹ̀lé e.

Èyí tó burú jù, o kò sí níbẹ̀. Nígbà tí Àwáwù ìyá rẹ wà ní ọsibítù, wọ́n gbé ìwé kan kọ́ sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ní àràárọ̀, nọ́ọ̀sì kan á wá, á ki gíláàsì tín-ín-rín kan sí abẹ́ apá rẹ̀, á yọ ọ́, á wò ó, á sì ya ìlà sórí ìwé náà. Mo ń wò ó. Bí ìlà náà bá yà sókè, ìyá rẹ á máa gbóná. Bí ó bá rọra rìn ní títẹ́jú, á bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀, á béèrè bóyá Sàdíátù jẹun. Wọ́n ní kí n lọ ra òwú, mo rà á. Wọ́n ní kí n ra abẹ́rẹ́, mo rà á. Wọ́n ní kí n ra epo òyìnbó tí wọn yóò fi tan àtùpà, mo rà á. Ní òwúrọ̀ kan, nọ́ọ̀sì náà fa ìlà yẹn wálẹ̀ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ kúrò lórí ìwé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi gbé e sókè díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìyá rẹ ti lọ.

Nítorí náà nígbà tí mo rí ìlà Sàdíátù tí wọ́n fà wálẹ̀, mo dìde lórí búlọ́ọ̀kù, mo kí ìyá ọ̀gá dáadáa, mo ní iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ta ló fa ìlà ọmọ mi wálẹ̀ báyìí, kí sì ni ọmọ ọ̀hún fi ṣe é? Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n mú bíró, kí wọ́n gbé e sókè lójú gbogbo wa, kí a lè lọ sílé. Ìyá ọ̀gá ní Bàbá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é. Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo mọ̀ tí mo fi dìde.

Mojísọ́lá, ìyá aránṣọ tó wà níwájú ọjà, dìde lẹ́yìn mi. Ó ní òótọ́ ni Bàbá Ìyàndá sọ, pé kí wọ́n bá òun gbé ti ọmọ òun náà sókè, ṣebí òun lòun rán ṣẹ́ẹ̀tì tí Tíṣà fi ṣe Kérésìmesì, òun kò sì gba owó iṣẹ́. Ọkùnrin kan láti ìlú Ara ní ti ọmọ òun kò nílò kó ga jù, kí wọ́n ṣáà gbé e kúrò ní ìdí. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi dìde, olúkúlùkù ń nàka sí ibi tó fẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ tirẹ̀ dé. Ìyá ọ̀gá fi pàṣán lu tábìlì títí pàṣán fi kán. Bí ìpàdé ṣe tú ká nìyẹn.

Mo fara dà á títí di Jímọ́ọ̀ àná. Bí a ṣe kírun tán, mo gba ilé-ìwé lọ. Wọ́n ti jáde. Ilẹ̀kùn kò sí nínú kíláàsì yẹn, ìkán ti jẹ ẹ́. Mo fa àwọn ìṣó yọ, mo sọ káádíbọ́ọ̀dù náà kalẹ̀, mo gbé e rù. Ní ọ̀nà, wọ́n ń bi mí bóyá mo fẹ́ fi ṣe àjà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Tíṣà ní kí n má jẹ́ kí òun kọ èyí, pé bí lẹ́tà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, olè ni wọn yóò pè mí. Mo ní kó kọ ọ́. N kò jalè. Ọmọ mi ló wà lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo mú èédú láti inú ààrò. Mo fẹ́ bá a gbé e sókè fúnra mi. Ìgbà náà ni mo rántí pé n kò mọ̀wé. Ní ilé-ìwé, pàṣán ni ìyá ọ̀gá fi hàn wá. Nísinsìnyí tí kò sí pàṣán, gbogbo ìlà náà jọ ara wọn, mo lè lọ gbé ọmọ Mojísọ́lá sókè kí n fi tèmi sílẹ̀ nílẹ̀. Mo pe Sàdíátù, mo ní kó wá fi tirẹ̀ hàn mí. Ó wò ó, ó wò mí, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni. Ó mọ̀ ọ́n. Ojú ń tì í pé kí n rí i. Ọmọ tí kò ju ìdí ìkòkò lọ ń bò mí lójú kí n má baà rí ìtìjú rẹ̀. Mo sọ èédú padà sínú ààrò.

Ní òwúrọ̀ yìí, ìyá ọ̀gá dé pẹ̀lú Tíṣà Adéyẹmí. Ìyá ọ̀gá kò jókòó. Ó ní òun mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló wà, àwọn tó rí mi lójú ọ̀nà ti sọ. Ó ní bí n kò bá gbé e jáde, òun yóò lọ pe ọlọ́pàá. Mo ní kó pè wọ́n, kí wọ́n ya ìlà tiwọn náà síbẹ̀ kí a wo apá ibi tó ń lọ. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún irun funfun mi ni òun kò fi sọ̀rọ̀. Mo ní kó sọ ọ́, irun funfun kì í di etí. Ó yíjú padà, ó lọ, ó bínú débi pé ó gbàgbé gèlè rẹ̀ tó jábọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Tíṣà kò bá a lọ. Ó dúró, ó bi mí bóyá òun lè wọlé. Ó bi mí pé kí ni mo rò pé ìlà náà ń ṣe fún ọmọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ oko obì fún un, mo sọ ti ọsibítù. Kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tó gbọ́ tán, ó mú mi jáde sí àgbàlá, ó ní kí n rìn kọjá lórí erùpẹ̀ ibi tí òjò rọ̀ sí lóru. Mo rìn. Ó ní kí n bojú wẹ̀yìn. Ipasẹ̀ mi wà nílẹ̀. Ó ní Bàbá, ṣé ipasẹ̀ yẹn ló gbé yín rìn? Mo ní rárá, èmi ni mo rìn. Ó ní bí ìlà Sàdíátù ṣe rí nìyẹn. Òun kò fà á wálẹ̀. Ọmọ náà ti rìn kọjá kí òun tó ya ohunkóhun, ipasẹ̀ rẹ̀ lòun kó sórí ìwé.

Mo ní ti awọnlẹ̀ ńkọ́? Ó ní ti awọnlẹ̀ yàtọ̀, ti ìjọba tó ń gba ilẹ̀ nìyẹn, mo jàre níbẹ̀. Mo ní ti nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ó ní ti nọ́ọ̀sì, ipasẹ̀ ni. Ìyá ti ń lọ, nọ́ọ̀sì kàn ń kọ ọ́ ni.

Bùràímọ̀, láti òjò èṣí ni mo ti ń ṣépè fún nọ́ọ̀sì yẹn lẹ́yìn gbogbo ìrun. Mo ti dá a dúró. N kò ní kó èyí tó ti lọ padà, nítorí ó rẹ́rìn-ín.

A padà wọlé, mo ní kí Tíṣà fi ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ti yọ̀ hàn mí. Ó fi ìka sí i. Òkè ni ó wà ní gbogbo kíláàsì kejì, ó wà lókè títí dé àárín kíláàsì kẹta, ibẹ̀ ló sì ti já. Mo ní oṣù wo nìyẹn. Ó sọ ọ́. Oṣù tí a sin ìyá rẹ ni. Kò sí ìdí láti bi í léèrè mọ́, ṣùgbọ́n Tíṣà sọ ìyókù. Ó ní láti ìgbà náà ni Sàdíátù ti ń sùn lórí ìwé ní kíláàsì. Mo ní irọ́ ni, kì í sùn nílé, báwo ni yóò ṣe sùn níbẹ̀? Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, etí mi sì gbọ́ ọ.

O kò mọ̀, nítorí o kò béèrè. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, Sàdíátù ló ń dín àkàrà níwájú ilé. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn fìdáù, mo jí, mo gbọ́ tí epo ń dún nínú agbada, mo rò pé Àwáwù ni. Ọmọ rẹ ni. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ló ti ń lọ ẹ̀wà lórí ọlọ, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń tò lórí ìlà ní ilé-ìwé, òun ń nu epo lọ́wọ́ kó lè sáré bá wọn. Gbogbo àdúgbò ní ó dà bí ti ìyá. Inú mi ń dùn. Ohun tí à ń jẹ láti ọjọ́ náà nìyẹn. Ta ni ì bá dín in? Èmi tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n? Tàbí ìwọ tí o wà ní Èkó tí o ń fi ẹnu awakọ̀ kí mi?

Mo yíjú sí Tíṣà. Mo ní ìwọ náà, ní àràárọ̀ o ń yà níwájú ilé yìí, o ń jẹ àkàrà Sàdíátù pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ rẹ, o ń lá ọwọ́, lẹ́yìn náà o dé kíláàsì, o rí i tó ń sùn, o fi bíró kọ ọ́ pé ó ń lọ sílẹ̀. Èmi àti ìwọ la jọ ń jẹ oorun ọmọ náà. Ó ní ìjọba kò tíì san owó oṣù, pé àkàrà náà ni òun náà fi ń dé ìrọ̀lẹ́. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n kó kọ èébú náà síbẹ̀ ná.

Ìgbà náà ló fi nǹkan mìíràn hàn mí. Ìlà méjì ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ní. Ìlà dúdú jẹ́ ti ìwé kíkà, òun ni ìyá ọ̀gá fi pàṣán kàn lọ́jọ́ Ajé. Ìlà búlúù jẹ́ ti ìṣirò. Búlúù ti Sàdíátù ń gòkè. Láti ìgbà tó ti ń ta àkàrà tó ń fún àwọn ènìyàn ní ṣéńjì ló ti ń gòkè, ó sì ń gòkè títí di ìsinsìnyí. Tíṣà ní nínú gbogbo kíláàsì kẹrin, kò sí ọmọ tó rìn jìnnà tó o. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọmọ dé, ó ní, ọ̀tọ̀ ni ìrìn tó rìn láti ibi tó wà. Mo ní bí o bá ti mọ èyí, kí ló dé tí ẹ fẹ́ dá a dúró? Ó ní wọn a máa ro méjèèjì pọ̀ ni, ibi tó dé nìkan ni ìjọba ń béèrè. Mo ní mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba tó gba oko ènìyàn kò lè béèrè ìye ọdún tó fi gbìn ín.

Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà ṣì wà. Ìdánwò ìgbéga ń bọ̀ ní ìparí táàmù yìí. Bí ìwé kíkà rẹ̀ bá lè gbéra díẹ̀, búlúù yóò fà á kọjá. Ohun méjì ló ní ó kù: kó máa sùn tó kó tó wá sí ilé-ìwé, kí ẹnì kan sì máa jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ kó máa kàwé sí etí rẹ̀. Mo ní ta ló ń kàwé sí etí rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ó ní Sàdíátù sọ fún òun pé ìyá àgbà ni. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, ẹ̀rín ìbínú ni. Àwáwù kò mọ lẹ́tà A yàtọ̀ sí igi ìdáná. Mo pe ọmọ náà, mo bi í. Ó ní bí ìyá àgbà bá ń ṣa ẹ̀wà, òun a máa kàwé fún un, bí òun bá dákẹ́, ìyá àgbà á ní kà á lọ, mo ń gbọ́. Bí òun bá fo ibì kan, ìyá àgbà á ní ìyẹn kò dùn létí bíi ti àná, padà lọ síbẹ̀. Inú yàrá tó kángun sí tèmi ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ lásán ni.

Nítorí náà, fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìrọ̀lẹ́ jẹ́ tèmi. Èmi yóò máa jókòó tì í, kò ní yé mi, ṣùgbọ́n kò yé ìyá rẹ náà, ó sì fi gbé ọmọ náà sókè fún ọdún bíi mélòó kan. Òwúrọ̀ jẹ́ tìrẹ. Iná àkàrà ní láti kú láti ọjọ́ Ajé dé Jímọ́ọ̀ títí wọn yóò fi ṣe ìdánwò, iná kò sì lè kú kí ikùn máa jó. Fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, tàbí kí o fi ìyàwó rẹ ránṣẹ́, tàbí kí o fi ara rẹ ránṣẹ́. Mo fẹ́ èyí tó kẹ́yìn jù. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, epo òyìnbó wà nínú rẹ̀ fún àtùpà, ìwé àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀, bàtà ọmọ náà sì ti ya ẹnu bí ẹja. Fi káádíbọ́ọ̀dù tuntun kan sí i pẹ̀lú, kó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, nítorí Sàdíátù gbé agbada lé orí èyí tó wà lọ́wọ́ mi láìmọ̀, epo sì ti bo ìdílé Mojísọ́lá mọ́lẹ̀. Tíṣà ní òun yóò kọ́kọ́ fi èyí rọra dé Ọjọ́bọ̀. Bí a bá kọ lẹ́tà yìí tán, òun ni yóò gbé káádíbọ́ọ̀dù náà padà sí ilé-ìwé, mo ti ṣèlérí fún un.

Má sọ fún mi pé kò sí àyè. O sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí o fi dé, a ti ń jẹ fìdáù ọjọ́ kẹjọ, o jẹ ẹ̀bá, o sunkún, o padà. Láti ọjọ́ náà, Iléyá ti kọjá, Ìtúnu ti kọjá. Mo bi Tíṣà bóyá a lè ya ìlà fún àgbàlagbà. Ó ní a lè ya á fún ẹnikẹ́ni tó ń rìn. Mo ní kó mú èédú kó ya tìrẹ sára ògiri yàrá mi, bí o ṣe ń wá sílé láti ọdún tí o ti lọ sí Èkó. Kò fẹ́, mo ní kó yà á. Ó ti yà á. Ìgbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, ó ga dé ibi fèrèsé. Nísinsìnyí, ó ti wálẹ̀ dé ibi tí mo ń gbé orí lé bí mo bá dùbúlẹ̀. Sàdíátù rí i nígbà tó wá gba ilẹ̀. Ó bi mí pé ta ló ni ín. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀nà na ọ́ mọ́ ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́. Yóò mú ọ délé kí omi ojú tó kù ní ilé yìí tó gbẹ, yóò jẹ́ kí o bá ọmọ rẹ lójú àlàáfíà, kí o sì gbọ́ bó ṣe ń kàwé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, Ìyàndá. Àtàǹpàkò mi nìyí.